Bí Ọmọ Bá Forí Gbá Lórí Pápá, Ẹ Mú Un Kúrò Nínú Eré

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí wà fún àwọn òbí, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé, àwọn kóòṣì àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò tíì bímọ pàápàá má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ orí ọmọ gan-an ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Mafolúkù, Àjàó tàbí Òkè-Afá kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yóò rí i pé kò sí àyè tí àwọn ọmọ wa kò lè sọ di pápá. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, mọ́ńkì-póòsì ti dé nìyẹn. Àwọn tí kò tíì wọlé yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a máa retí kí ẹgbẹ́ kan fìdí rẹmi kí tiwọn lè bọ́ sí i. Inú wa a máa dùn sí i, nítorí eré a máa mú kí ara ọmọ le, a sì máa fà á kúrò nínú ìwà búburú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré lé lórí kì í ṣe koríko: sìmẹ́ńtì ni tàbí ọ̀dà, ògiri sì sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó báyìí pé ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 14 kan fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, òun àti ẹlòmíràn sì forí gbárí. Ó ṣubú, ìpàkọ́ rẹ̀ lu sìmẹ́ńtì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá, wọ́n bu omi sí i lórí, wọ́n fi àbóníkí pa á níwájú orí, ó sì dìde. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ara le?" Ó dáhùn pé, "Ara le." Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un pé akọni ni, ó sì padà sínú eré.

Kí ni ó burú nínú èyí? Ó burú púpọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ náà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa bá wa bọ̀.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ AGBÁRÍ

Ọpọlọ ènìyàn rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti rọ̀ tó, ẹ ronú kan ẹ̀kọ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ewé lára rẹ̀. Ọlọ́run fi nǹkan rírọ̀ yìí sínú agbárí líle, ó sì fi omi díẹ̀ yí i ká kí ó má baà máa fara gbún egungun. Bí a bá gbé ẹ̀kọ tútù sínú ike tí a sì dé e, bí a bá wá mi ike náà jìgìjìgì, ike náà lè wà láìfọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i wò: ẹ̀kọ inú rẹ̀ kò ní rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ọmọ tí ó forí gbá. Agbárí rẹ̀ lè má sán, awọ orí rẹ̀ lè má bó, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti mì. Èyí ni a óò máa pè ní ọpọlọ mímì nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kì í ṣe orí nìkan ni ìlù náà ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi agbára kọ lu ọmọ láyà tàbí lẹ́yìn, tí ọrùn rẹ̀ sì já lọ síwá já bọ̀ sẹ́yìn lójijì, ọpọlọ rẹ̀ lè mì láìjẹ́ pé nǹkan kan kan orí.

Nígbà tí ọpọlọ bá mì báyìí, iṣẹ́ inú rẹ̀ a dàrú fún ìgbà díẹ̀. Ó ń fẹ́ agbára púpọ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé agbára náà wá kò ṣàn tó bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ó fi nílò ìsinmi. Yíya àwòrán egungun orí kò lè fi ọpọlọ mímì hàn. Ẹ̀rọ ńlá tí ń ya àwòrán inú orí ní ọsibítù a máa fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nínú orí tàbí bí egungun bá sán, ṣùgbọ́n ọpọlọ lè mì kí àwòrán náà sì mọ́ kedere. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí pé, "A ti ya àwòrán, kò sí nǹkan, kí ó máa lọ gbá bọ́ọ̀lù," ẹ má ṣe gbà.

Ewu tí ó tóbi jù lọ ni ìlù kejì. Bí ọmọ bá tún forí gbá kí ọpọlọ rẹ̀ tó sàn láti inú ti àkọ́kọ́, ọpọlọ náà lè wú lójijì nínú agbárí tí kò ní àyè láti fẹ̀. Èyí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú, ó sì lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ rí i nísinsìnyí ìdí tí pàtẹ́wọ́ tí a pa fún ọmọ ọdún 14 yẹn fi jẹ́ àṣìṣe.

BÍ A TI Ń DÁ A MỌ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ọmọ kò bá dákú, kò sí ewu. Irọ́ ni. Nínú àwọn mẹ́wàá tí ọpọlọ wọn mì, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni kì í dákú rárá. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ìwọ̀nyí: ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí ó ń wò sùn-ùn, òòyì ń kọ́ ọ, kò lè dúró ṣánṣán, orí ń fọ́ ọ, ó fẹ́ bì, ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo ń ni í lára, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, ó ń sunkún tàbí ó ń bínú láìnídìí, ó lọ́ra láti dáhùn.

Ní àṣekágbá Ife Àgbáyé ti 2014 ní Brazil, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Christoph Kramer forí gbá èjìká alátakò rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ fún bí ìṣẹ́jú 14. Nígbà tí ó yá, ó lọ bá rẹfirí, ó sì bi í pé ṣé àṣekágbá ni wọ́n ń gbá yìí. Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ tí gbogbo ayé ń wò kò mọ ibi tí ó wà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sáré bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí dókítà pọ̀ bí eṣú, kí ni a óò sọ nípa mọ́ńkì-póòsì abẹ́ afárá?

Nítorí náà, ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè: Àdúgbò wo ni a wà yìí? Ta ni a ń bá gbá? Ta ni ó jẹ góólù kẹ́yìn? Bí ó bá ṣì í, ọ̀rọ̀ ti parí, kí ó jáde. Bí ó bá gbà á pàápàá, tí ẹ sì rí òmíràn nínú àwọn àmì tí a kà sókè yìí, kí ó jáde bákan náà. Ẹ rántí pé àmì náà lè fara pamọ́ títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

ÀWỌN ÒFIN TÍ A ṢE NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ọmọ ọdún 13 kan tí ń jẹ́ Zackery Lystedt ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Washington. Ó forí gbálẹ̀. Ó sinmi díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó padà sínú eré. Lẹ́yìn eré, ó ṣubú lulẹ̀. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lórí láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó lè sọ̀rọ̀, kí ó tó lè tún ìrìn kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ kò jókòó sunkún nìkan. Wọ́n bá àwọn dókítà àti àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ títí di oṣù karùn-ún ọdún 2009, nígbà tí gómìnà ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin tí a fi orúkọ ọmọ wọn pè.

Òfin náà kò gùn. Ohun mẹ́ta ni ó wí. Èkínní, kí òbí àti ọmọ ka ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ mímì lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kí ọmọ tó ṣeré. Èkejì, ọmọ tí a bá fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ mì, kí a yọ ọ́ kúrò nínú eré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: tí a bá fura sí. Kò dúró de ẹ̀rí. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ náà má ṣe padà títí tí oníṣègùn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi kọ ìwé pé ó ti lè padà. Nígbà tí ó fi di 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tí ó wà ní Amẹ́ríkà ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Kánádà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan, Rowan Stringer, ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́gúbì fún ilé-ìwé rẹ̀ ní ìlú Ottawa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ó forí gbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó fura sí ara rẹ̀, ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún àgbàlagbà kankan. Ó gbá eré kan sí i, ó sì kú. Ní 2018, ìpínlẹ̀ Ontario ṣe òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọmọ lè mọ̀ kí ó má sọ. Nítorí náà, kí a kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tí ó bá rí i pé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pé mọ́, kí ó sọ fún àgbà. Ìyẹn kì í ṣe òfófó rárá.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí. Ọmọ Nàìjíríà ni Dókítà Bennet Omalu, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà. Ní 2002, ó yẹ ọpọlọ Mike Webster wò ní ìlú Pittsburgh. Agbábọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà tí ó lókìkí ni ọkùnrin náà, ó sì ti kú ní ẹni ọdún 50 lẹ́yìn ìdààmú ọkàn púpọ̀. Omalu rí ìbàjẹ́ tí ìlù orí àìmọye ọdún ti ṣe sínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2005. Àwọn alágbára bá a jà, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé fi abẹ́ agbọ̀n bò.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ra. Ní 2015, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ má ṣe fi orí kan bọ́ọ̀lù mọ́. Ní 2020, àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí a má ṣe fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

ÒFIN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ó yẹ kí àwa náà mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a ṣe ní 2007, wí pé nínú ohunkóhun tí a bá ń ṣe nípa ọmọ, ire ọmọ náà ni kí a kọ́kọ́ wò. Ire ọmọ ju ife lọ, ó sì ju góólù lọ.

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, ti 2014, wí ní apá rẹ̀ ogún pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹni tí ó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Nítorí náà, kí òbí má ṣe gbé ọmọ tí orí rẹ̀ ń dàrú padà sílé nítorí pé owó kò sí lápò. Kí ó dúró, kí ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán wọn létí òfin yìí.

Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fi agbára sí ọwọ́ rẹfirí: ó gbọ́dọ̀ dá eré dúró bí agbábọ́ọ̀lù bá fara pa gidigidi, kí ó sì rí i pé a mú un kúrò lórí pápá. Ní ti ẹ̀ṣẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti Mushin títí dé Òṣòdì, ó ti pẹ́ tí òfin àwọn tí kì í gba owó jà ti wí pé ẹni tí a bá fi ẹ̀ṣẹ́ orí lù ṣubú tí kò lè dìde gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ 30, ó kéré tán.

OHUN TÍ Ẹ ÓÒ ṢE

Èkínní, ẹ dá eré dúró, ẹ sì mú ọmọ náà jáde. Kò tún gbọdọ̀ wọlé ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ wí pé ara òun ti yá.

Èkejì, bí ó bá dákú tàbí bí ọrùn bá ń dùn ún, ẹ má ṣe fà á dìde, ẹ má sì ṣe gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kí ó má yí, kí ẹlòmíràn sì pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó. Bí ó bá ní gìrì, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, ẹ má sì ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó nìkan lọ sílé. Ọmọ tí òòyì ń kọ́ kò gbọdọ̀ dá sọdá títì Òṣòdì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fò mọ́ dánfó. Kí àgbàlagbà kan mú un dé ọwọ́ òbí rẹ̀, kí ó sì sọ òótọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí òbí wà pẹ̀lú rẹ̀ fún wákàtí 24, ó kéré tán. Ó lè sùn. Àwọn tí ó ní kò gbọdọ̀ sùn rárá ṣì í. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa wò ó pé ó ń mí dáadáa, pé ó sì ṣeé jí. Ẹ lè fún un ní parasitamọ́ọ̀lù bí orí bá ń fọ́ ọ. Ẹ má ṣe fún un ní asipirín-ìnì tàbí ibuprofen ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i. Àgbo ọlọ́tí pẹ̀lú kò dára.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé e sáré lọ sí ọsibítù bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ó dákú, ó ń bì léraléra, orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, ó ní gìrì, ó ń rí nǹkan ní méjìméjì, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, ó ń ṣìwà hù, tàbí ó sùn tí kò ṣeé jí. Ọsibítù Ìjọba wà ní Ìsọlọ̀. Àwọn ọsibítù ńlá ti yunifásítì sì wà ní Ìkẹjà àti ní Ìdí-Àràbà. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ mú un lọ rí dókítà láàárín ọjọ́ kan.

BÍ YÓÒ TI PADÀ

Kí ó sinmi dáadáa fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó dín wíwo fóònù kù. Ó lè máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ilé-ìwé ni kí ó kọ́kọ́ padà sí, kì í ṣe pápá. Kí àwọn olùkọ́ sì ṣe sùúrù fún un, nítorí ìwé lè má tètè yé e. Lẹ́yìn náà, kí ó sáré díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi bọ́ọ̀lù dánra wò láìfara kan ẹnikẹ́ni. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ kan, ó kéré tán, bí orí bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, kí ó padà sí ìpele tí ó kọjá. Ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2023 wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà sínú ìdíje kí ọjọ́ 21 tó pé, bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ 14 láìní àmì kankan kí ó tó tún bá ẹlòmíràn fara kanra. Ọpọlọ ọmọdé kì í tètè sàn bí ti àgbà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò wí. Wọn yóò wí pé, "Bí mo bá jáde, ẹlòmíràn yóò gba àyè mi, àwọn tí ń wá agbábọ́ọ̀lù lọ sí òkè òkun kò ní rí mi." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí mo mọ ìdílé tí ó gbé ìrètí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ wo Victor Osimhen, ọmọ Olúsọ́sùn, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli ní ilẹ̀ Ítálì, ó ṣubú, ó forí gbálẹ̀, ó sì dákú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sinmi kí ó tó padà. Ṣé ìsinmi náà ba ayé rẹ̀ jẹ́? Ní 2023, Napoli gba ife ilẹ̀ Ítálì pẹ̀lú góólù rẹ̀, ní ọdún kan náà ni a sì fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni ó ń wò.

Ìbòjú tí ó ń lò ńkọ́? Nítorí egungun ojú rẹ̀ tí ó ṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ó fi bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Ó ń dáàbò bo egungun. Kò lè dá ọpọlọ dúró kí ó má mì. Kí ọmọ kankan má ṣe rà á kí ó sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu.

ÌMỌ̀RÀN WA

A kò wí pé kí ẹ dá àwọn ọmọ dúró nínú eré. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àti gbogbo ẹni tí ń kó ọmọ jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, gba òfin mẹ́ta ti Lystedt yẹn wọlé: kọ́ wọn, yọ ọ́, dúró de dókítà. Kò náni ní owó. A lè kọ ọ́ sí ara ògiri ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí a sì máa bẹ àwọn aṣojú wa ní Alausa pé kí wọ́n sọ ọ́ di òfin ìpínlẹ̀.

Kí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ìbéèrè wọ̀nyí yẹ ara wọn wò:

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí àwòrán egungun kò fi lè fi ọpọlọ mímì hàn?
2. Kí ni ó mú kí ìlù kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ?
3. Ka àmì márùn-ún tí ó ní kí a sáré lọ sí ọsibítù.
4. Kí ni ìwọ yóò ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ bá bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe sọ fún kóòṣì?

Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè kẹrin dáadáa ti gba ẹ̀kọ́ yìí. Kí Ọlọ́run bá wa dá orí àwọn ọmọ wa sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.